Ọ̀sẹ̀ Kan fún Ọkọ àti Aya: Bí A Ṣe Ń Múra Ìsinmi Àsìkò Ooru ní Erékùṣù Kàríbíánì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ìwé ẹbí lóṣù yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tọkọtaya tó wà lókè òkun ń béèrè lábẹ́lẹ̀, tí ẹ kò sì fẹ́ béèrè níwájú ìjọ. Ṣé ó dára kí ọkọ àti aya tí í ṣe ọmọ Ọlọ́run kó owó jọ, kí wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, kí wọ́n sì wọ bàálù lọ sí etíkun kan ní Jàmáíkà tàbí Barbados fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí òrùlé bàbá ń jò nílé, tí ìjọ sì ń kọ́lé lọ́wọ́? Bí ó bá sì dára, báwo ni a ṣe ń ṣètò rẹ̀ tí kò fi ní di gbèsè?

Ó dára. Nínú Ìhìnrere Máàkù orí kẹfà, nígbà tí àwọn àpọ́stélì ti iṣẹ́ ìwàásù dé, tí èrò ń wọlé tí èrò ń jáde tí wọn kò ráyè jẹun, Olúwa fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ sinmi. Òfin Mósè pàápàá, nínú Deutarónómì orí kẹrìnlélógún, yọ ọkọ ìyàwó kúrò lójú ogun fún odindi ọdún kan kí ó lè dúró mú inú aya rẹ̀ dùn. Ọlọ́run tó fi òfin yẹn lélẹ̀ mọ̀ pé ìfẹ́ ń fẹ́ àyè.

Ẹ sì wo bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ará wa ní London, ní Manchester, ní Houston. Ọkọ ti iṣẹ́ alẹ́ dé ní aago méje òwúrọ̀, aya ń de okùn bàtà láti lọ síbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé bí ọlọ́dẹ méjì tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wọn kò ju ti owó iná àti ẹni tí yóò lọ mú ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, èkejì ń darí ọkọ̀ níta. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí tọkọtaya má fi ara wọn du ara wọn, àfi bí wọ́n bá jọ fi ohùn ṣọ̀kan fún ìgbà díẹ̀ nítorí àdúrà. Kò ka iṣẹ́ alẹ́ mọ́ ọn. A ti rí ilé tó tú ká láìsí àgbèrè, láìsí ìjà, nítorí pé àwọn méjì tó fẹ́ra wọn ti di àjèjì sí ara wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọdún yìí wà fún. Ẹni tó jẹ gbèsè ilé gbígbé, kó san án ná. Ẹni tó ti ṣèlérí owó ilé ìwòsàn fún ìyá rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ ná. Ẹ sì rántí pé fọ́tò etíkun tí ẹ bá gbé sórí WhatsApp yóò ti dé abúlé kí ẹ tó padà sí yàrá; bí òrùlé bàbá bá ṣì ń jò, ẹ ó ṣàlàyé títí.

ÌGBÀ WO, ERÉKÙṢÙ WO?

Àsìkò ooru wa níhìn-ín ni àsìkò ìjì lọ́dọ̀ tiwọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń kà á sí, èyí tó sì le jù níbẹ̀ ni láti àárín oṣù Kẹjọ wọ oṣù Kẹwàá. Omi òkun ti móoru gidigidi nígbà yẹn, ooru omi yìí ni ìjì sì ń jẹ bí oúnjẹ. Ìyẹn wà lára ìdí tí owó ilé ìtura fi máa ń wálẹ̀ láti àárín oṣù Kẹrin títí di àárín oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá rí ọjà ọ̀pọ̀, kó béèrè ohun tó sọ ọ́ di ọ̀pọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, ìjì tí wọ́n pè ní Beryl kọlu Carriacou, erékùṣù kékeré kan tó wà lábẹ́ Grenada, ó sì ba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ibẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó wọ ipele karùn-ún, ipele tó ga jù lọ, kò sì sí ìjì kankan nínú àkọsílẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì tó tètè dé ipele yẹn tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń fẹ́ lẹ́bàá gúúsù Jàmáíkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Melissa tún wọ ìwọ̀-oòrùn Jàmáíkà ní ipele karùn-ún kan náà, ó sì ṣe ìpalára ńlá fún ilé, ilé ìwòsàn àti ilé ìjọsìn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ìhà ibẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìtura yín gan-an bóyá gbogbo rẹ̀ ti ṣí padà, àbí apá kan ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ẹ ó rántí pé Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ ní Kírétè pé ìgbà ìrìn-àjò òkun ti kọjá. Balógun ọ̀rún gbọ́ ti atukọ̀ àti ti olówó ọkọ̀. Ẹ mọ ibi tó já sí: ènìyàn 276 ló wẹ̀ tàbí tó léfòó lórí pákó dé etíkun Mẹ́lítà. Pọ́ọ̀lù ní ìgbàgbọ́ ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́. Bí arákùnrin kan bá sọ fún yín pé kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kẹsàn-án nínú ìgbàgbọ́, ẹ fi orí ìwé yẹn hàn án.

Ní tèmi, oṣù Kẹfà ni mo máa yàn. Ìjì kò wọ́pọ̀ nígbà náà, àwọn ọmọ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú wọn, tíkẹ́ẹ̀tì kò sì tíì wọ́n bíi ti ìparí oṣù Keje. Bí ẹ bá rò pé ẹ ó kó àwọn ọmọ dání nígbà yẹn, ẹ mọ̀ pé láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, owó ìtanràn ní England fún ọmọ tí wọ́n mú kúrò nílé ẹ̀kọ́ láìgbàṣẹ jẹ́ £80 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún òbí kọ̀ọ̀kan, bí ẹ kò bá sì tètè san án yóò di £160. Ẹni tí kò bá ráyè àfi oṣù Kẹjọ lè wo Aruba, Bonaire àti Curaçao, tí wọ́n sún mọ́ Venezuela, tí ìjì kì í sábà dé. Barbados náà wà ní ìlà-oòrùn pátápátá, ìjì kì í sábà gbá a lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Beryl fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apẹja wọn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ta ìrìn-àjò kì í fi sínú àwòrán. Láti ọdún 2011, koríko òkun pupa rúsúrúsú kan tí wọ́n ń pè ní sargassum ń léfòó wá ní òbìtìbitì, pàápàá láti ìgbà tí òtútù bá ti ń lọ títí wọ àsìkò ooru. Bí ó bá gúnlẹ̀ tó sì ń jẹrà, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ló ń rùn. Etíkun tó kọjú sí Àtìláńtíìkì ni í sábà gbá jọ sí. Ní Barbados, ìhà ìwọ̀-oòrùn máa ń mọ́ ju ìhà ìlà-oòrùn lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìhà tí etíkun ilé ìtura yín kọjú sí.

ÌWÉ YÍN ŃKỌ́?

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé ìrìn-àjò ọjọ́ méje lè ba iṣẹ́ ọdún méje jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain, tí ẹ ti kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n fi kún àkókò yín tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa gbé títí, tí èsì kò sì tíì dé: bí ẹ bá jáde kúrò ní ilẹ̀ Britain àti Ireland àti àwọn erékùṣù àyíká wọn, òfin ka ìwé ẹ̀bẹ̀ yín sí èyí tí ẹ ti fà sẹ́yìn. Ẹ ó pàdánù owó tí ẹ san, ó sì lè ṣòro fún yín láti padà wọlé. Ẹ̀yin tí ìwé yín ti jáde, káàdì BRP ìjelòó ti parí iṣẹ́ láti òpin ọdún 2024. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí yín wà báyìí. Ẹ rí i pé nọ́ńbà páspọ́ọ̀tì tí ẹ ó gbé dání ni ó wà níbẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tuntun ní ilé aṣojú Nàìjíríà.

Ní Amẹ́ríkà bákan náà: ẹni tí ìwé gíríìnkáàdì rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, bí ó bá jáde láìkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé tí wọ́n ń pè ní advance parole, wọ́n sábà máa ń kà á sí pé ó ti kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ sí Puerto Rico tàbí St. Thomas nígbà náà, pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ lè yẹ ìwé wò nígbà tí ẹ bá ń wọ bàálù padà. Ẹ bi agbẹjọ́rò, ẹ má bi ẹni tó jókòó tì yín ní ìsìn. Bí ìwé ẹnì kan nínú yín kò bá tíì pé, ẹ wá etíkun kan nínú orílẹ̀-èdè tí ẹ wà. Ọkọ àti aya ni ìsinmi náà wà fún, kì í ṣe erékùṣù.

Páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà àti ti Britain kì í gba ìlànà kan náà ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan, ìlànà náà sì ń yí padà. Ilé aṣojú erékùṣù tí ẹ ń lọ ni kí ẹ bi. Ẹni tó ń bọ̀ tààrà láti Nàìjíríà, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé, yóò nílò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ní Jàmáíkà, Barbados àti ọ̀pọ̀ erékùṣù míràn, ó sì gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ náà ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Láti ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tó fún ìgbésí ayé ènìyàn.

OWÓ ÀTI ẸNI TÍ Ẹ Ó SAN ÁN FÚN

Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Ẹ jókòó pọ̀, ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì, yàrá, mọ́tò láti pápákọ̀ òfurufú, ìnṣọ́ránsì, oúnjẹ, ẹ̀bùn, ohun tí ẹ ó fún ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, àti owó iṣẹ́ tí ẹ kò ní gbà lọ́sẹ̀ yẹn bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ bá ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń sanwó fún yín. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ £3,600. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, £300 lóṣù ni, £150 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi í sínú àjọ kí ẹ sì gba ìparí. Ohun tí n kò fọwọ́ sí ni kí ọ̀kan máa dá owó jọ ní ìkọ̀kọ̀ láti ya èkejì lẹ́nu. Ìyàlẹ́nu tó tó £3,600 a máa di ẹjọ́.

Nígbà tí ó bá di sísan, ẹ má tìjú láti béèrè ìwé ẹ̀rí. Arákùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú ìjọ lè jẹ́ ènìyàn Ọlọ́run ní tòótọ́, ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ tó ti rà á bá wó, ojú àánú rẹ̀ kò lè gbé yín padà sílé. Ní Britain, ẹni tó bá ta bàálù pọ̀ mọ́ yàrá fún yín gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ATOL. Nígbà tí Thomas Cook wó ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nǹkan bí ọ̀kẹ́ méje ààbọ̀ ènìyàn láti Britain ló wà lẹ́yìn odi, ìjọba ló sì ṣètò bàálù kó wọn wálé. Bákan náà, ohun tí owó rẹ̀ ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, tí ẹ fi káàdì kírẹ́díìtì san, òfin ọdún 1974 lórí àwìn mú kí báńkì náà pín nínú ẹ̀bi bí olùtajà bá já yín kulẹ̀. Ẹ san gbèsè káàdì náà tán lóṣù kan náà, kí èlé má baà jẹ èrè rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá sanwó ni kí ẹ ra ìnṣọ́ránsì. Bí ìjì bá ti gba orúkọ kí ẹ tó rà á, wọn kì í sábà san nǹkan kan lórí ìjì yẹn.

ILÉ ÌTURA ÀTI OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Jàmáíkà ni irú ilé ìgbafẹ́ tó wà fún tọkọtaya nìkan ti gbajúmọ̀, níbi tí owó ẹ̀ẹ̀kan kárí yàrá, oúnjẹ, mímu àti eré. Gordon Stewart, ọmọ Jàmáíkà, bẹ̀rẹ̀ Sandals ní Montego Bay ní ọdún 1981. Ètò náà rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ máa ṣírò owó oúnjẹ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí i dáadáa: ọtí tí àwọn ẹlòmíràn ń mu láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ wà nínú owó tí ẹ san. Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹnu kan ọtí, ẹ ń bá ọ̀mùtí dá owó. Ẹ fi í wé ilé ìtura tó ń fún ènìyàn ní yàrá àti oúnjẹ òwúrọ̀ nìkan, tàbí ilé kékeré tó ní ilé ìdáná. Nígbà míràn, ìyàtọ̀ owó rẹ̀ tó láti gbà yín ní mọ́tò tí yóò gbé yín káàkiri.

Ẹ béèrè pẹ̀lú irú ilé tó jẹ́. Ní Negril, àwọn ibì kan wà tí àwọn àlejò ti ń wà ní ìhòòhò ní etíkun. Kò dára kí ẹ dé ibẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ní ti aṣọ ìwẹ̀ òkun arábìnrin, aṣọ tó bò ara dáadáa wà lọ́jà báyìí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàárín yín ní etí omi.

Nípa òkun fúnra rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ìwẹ̀. Ẹ má wọ ibi tí àsíá pupa bá wà. Bí ìgbì bá ń fà yín lọ sáàárín òkun, ẹ má bá a jà. Ẹ wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí ẹ ó fi bọ́. Òòrùn ń jó àwọ̀ dúdú náà, ẹ ra ìpara rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, inú àpò tí ẹ gbé lọ́wọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú àpótí. Kòkòrò Zika, tó tàn ká àwọn erékùṣù yìí ní ọdún 2016, lè pa ọmọ inú lára, ẹ̀fọn ló ń gbé e, ó sì lè ti ara ọkọ dé ara aya. Arábìnrin tó lóyún, àti tọkọtaya tó ń retí oyún, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù sì ń béèrè ìwé dókítà bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 28.

Ẹ má fi gbogbo ọjọ́ méje sùn lórí iyanrìn. Ní àárín ìlú Montego Bay, gbàgede kan wà tí wọ́n fi sọrí Sam Sharpe. Díákónì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹrú sì ni. Lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún 1831 ó darí àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láìgbowó. Ọ̀rọ̀ náà di iná àti ìtàjẹ̀sílẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ ní ìlú yẹn ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1832. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Ilé Aṣòfin Britain fọwọ́ sí òfin tó fòpin sí oko ẹrú. Ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Westmoreland, níbi tí Melissa gbà wọlé, àdúgbò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Àwọn Yorùbá tí wọ́n dé Jàmáíkà láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí, ni wọ́n gbé orúkọ náà lọ. Nago ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Lówùúrọ̀, ẹ ó bá iṣin nínú àwo yín. Àwa ń jẹ ẹ́ ní tútù láti kékeré. Àwọn ń sè é pọ̀ mọ́ ẹja oníyọ̀. Ohun tí ìyá wa kọ́ wa ni ìyá tiwọn náà ń kọ́ wọn: iṣin tí kò bá la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé ni. Bí ẹ bá sì yàn láti lọ sí Trinidad dípò Jàmáíkà, ẹ ó gbọ́ "accra", ẹ ó rò pé àkàrà yín ti dé. Ìyẹ̀fun àti ẹja oníyọ̀ ni, kò sí ẹ̀wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ wá ìjọ lọ. Jàmáíkà kún fún àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì, New Testament Church of God sì wà káàkiri ibẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń se oúnjẹ tàbí tó ń tẹ́ ibùsùn ní ilé ìtura yín. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ìjọ, wọ́n á sì sọ fún yín aago tí ìsìn ń bẹ̀rẹ̀.

Bàálù Montego Bay sí London sábà máa ń fò lóru, tí yóò sì gúnlẹ̀ láàárọ̀. Ẹ má gba iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ sùn títí di ọ̀sán, kí ẹ tó jọ lọ mú àwọn ọmọ lọ́dọ̀ màmá, pẹ̀lú kọfí Blue Mountain tí ẹ rà bọ̀ fún wọn.